Ìtọ́jú Ìyá àti Ìkókó Lẹ́yìn Ìbí: Ohun Tó Yẹ ní Ṣíṣe láti Wákàtí Àkọ́kọ́ dé Ọ̀sẹ̀ Kẹfà

Bí ọmọ bá ti ké, tí ibi sì ti wálẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí, gbogbo ojú á sì kọjú sí ọmọ. Ẹni tó ru oyún fún oṣù mẹ́sàn-án á wá di ẹni tí wọ́n ń bi léèrè ṣáá pé ṣé ọmọ ti mu ọyàn, láìsí ẹni tó bi í pé ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ńkọ́, orí rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó tilẹ̀ rí oorun sùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ kìíní àti ọ̀sẹ̀ kìíní lẹ́yìn ìbí ni ewu pọ̀ sí jù lọ fún àwọn méjèèjì. Àwọn tó wà nítòsí ìyá ni mo dìídì kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, ìyẹn ọkọ, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó wá bá a gbé, nítorí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè má tètè fura pé nǹkan ti ń yí padà lára òun. Àmọ́ ó dára kí ìyá fúnra rẹ̀ kà á pẹ̀lú, pàápàá kí ó tó bímọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan ẹni tí yóò máa mójú tó ìyá

Kí ọjọ́ ìbí tó dé, ẹ yan èèyàn kan tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ mímójú tó ìyá fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó má jẹ́ ẹni tí yóò máa gbé ọmọ, tí yóò máa fọ aṣọ, tí yóò sì tún máa gba àlejò, nítorí pé ẹni tí gbogbo èyí wà lọ́rùn rẹ̀ kò ní ráyè wo ìyá dáadáa. Ẹni yìí ni yóò ní nọ́ńbà agbẹ̀bí àti ti ilé ìwòsàn lọ́wọ́, tí yóò mọ ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀ bí ó bá di òru, tí owó pàjáwìrì yóò sì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹ fẹnu kò ṣáájú pé ó ní àṣẹ láti sọ pé "ẹ jẹ́ ká máa lọ" láìjẹ́ pé ó tún ń wá ẹlòmíràn tí yóò fọwọ́ sí i. Mo ka kókó yìí sí ju gbogbo ohun tí ẹ lè rà sílẹ̀ lọ, nítorí pé ìjáfara tó máa ń ṣekú pa ìyá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, níbi tí wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn bóyá ọ̀rọ̀ náà ti tó gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti ohun èlò, kò pọ̀ rárá: páàdì tó pọ̀ tó, tẹmọ́mítà kan, aṣọ mímọ́ àti fìlà fún ọmọ, ìlédìí, ọṣẹ, àti ìwé kékeré kan pẹ̀lú bírò. Inú ìwé yìí ni ẹ ó máa kọ aago tí ìyá pààrọ̀ páàdì, aago tí ọmọ mu ọyàn, àti iye ìgbà tí ó tọ̀. Ẹni tí kò sùn dáadáa fún òru mẹ́ta kò ní lè rántí, dókítà sì máa béèrè.

Ìgbésẹ̀ kejì: Wákàtí àkọ́kọ́

Bí ọmọ bá ti jáde, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n gbé e lé ìyá láyà ní ìhòhò, ara kan ara, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ bo ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì dé e ní fìlà. Ooru ara ìyá ni yóò jẹ́ kí ara ọmọ máa gbóná bó ṣe yẹ, mímí rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Bí ara ọmọ bá le, agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ yóò dúró fún ìṣẹ́jú 1 sí 3 kí ó tó so ìwọ́, kí ó sì gé e, kí ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú ibi lè ráyè wọ ara ọmọ, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tètè gbẹ láwọn oṣù tó ń bọ̀. Ẹ má ṣe kán an lójú.

Láàárín wákàtí àkọ́kọ́ yìí kan náà ni ó yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ mu ọyàn. Omi ọyàn tó kọ́kọ́ ń jáde máa ń ki, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń pọ́n díẹ̀, kì í sì í pọ̀. Ẹ má ṣe fún un dànù, nítorí inú rẹ̀ ni ìyá ti ń fún ọmọ ní ohun tí yóò fi bá àrùn jà, bíńtín rẹ̀ sì tó fún ikùn ọmọ ọjọ́ kan. Bí ọmọ ṣe ń fa ọmú, ilé ọmọ náà ń fún pọ̀, èyí tó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára ìyá kù. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde, kí wọ́n gbé e lé ìyá láyà ní kété tí ìyá bá ti lajú, tí ara rẹ̀ sì gbà á. Kí ó tó dìgbà yẹn, bàbá lè bọ́ ẹ̀wù, kí ó gbé ọmọ sáyà tirẹ̀.

Wọn yóò gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ fítámì K kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa dà nínú ara rẹ̀, nítorí ìkókó kì í ní èyí tó tó. Ìwẹ̀ kò tíì kàn án. Ó yẹ kí ó kọjá wákàtí 24 kí a tó wẹ ọmọ tuntun, nítorí omi máa ń jẹ́ kí òtútù tètè mú un. Ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí; ààbò ni fún awọ ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn

Bí ìbí bá rọrùn, tí ara ìyá àti ọmọ sì le, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣì dúró sí ilé ìwòsàn fún ó kéré tán wákàtí 24. Mo mọ̀ pé ilé a máa wu ni í lọ, ibùsùn ilé ìwòsàn kì í sì í tuni lára, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí wọ̀nyí gan-an ni ẹ̀jẹ̀ lè ya lójijì, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì lè lọ sókè.

Kí wọ́n tó fún yín láyè àtilọ, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì ti wọn ìfúnpá ìyá, kí ó ti fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ láti mọ̀ pé ilé ọmọ ti ń sún kì, kí ó ti wo ojú ọgbẹ́ bí wọ́n bá rán an, kí ìyá sì ti tọ̀ láàárín wákàtí 6 lẹ́yìn ìbí. Kí wọ́n ti wọn ọmọ, kí wọ́n ti yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀, kí ẹni tó mọṣẹ́ sì ti dúró wo bí ó ṣe ń mu ọyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbẹ́ àkọ́kọ́ máa ń dúdú, ó sì máa ń lẹ̀. Bí ọmọ kò bá tíì yà á lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ sọ fún wọn. Àjẹsára ti ọjọ́ ìbí sì wà: abẹ́rẹ́ fún àrùn mẹ́dọ̀wú B, tó yẹ kí ó wọlé láàárín wákàtí 24, àti ti BCG fún ikọ́ ẹ̀gbẹ pẹ̀lú ẹ̀kán oògùn rọpárọsẹ̀ níbi tí ètò ìlera bá ti ní kí ìkókó gbà wọ́n.

Ẹ béèrè ọjọ́ àyẹ̀wò tó kàn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni àyẹ̀wò yẹ kí ó wáyé: láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, láàárín wákàtí 48 sí 72, láàárín ọjọ́ 7 sí 14, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ni ìyá bímọ sí, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ìlera rí òun àti ọmọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kódà bí ara wọn bá yá gágá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ yóò máa jáde lẹ́yìn ìbí, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, yóò pupa yòò, yóò sì pọ̀ ju ti nǹkan oṣù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò máa fẹ́lẹ́ sí i, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì máa ṣá, títí yóò fi di bí omi funfun tó ní ìyeyè díẹ̀ nínú. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó dá pátápátá. Ó lè pọ̀ díẹ̀ sí i bí ìyá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn tàbí bí ọmọ bá ń mu ọyàn, nítorí pé ilé ọmọ ń fún ara rẹ̀ nígbà náà. Ohun tó yẹ kí ẹ máa retí ni pé kí ó máa lọ sílẹ̀. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀, tó tún wá pupa, tó sì tún pọ̀ padà, nǹkan ti yí nìyẹn.

Páàdì ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n. Nígbàkigbà tí ìyá bá pààrọ̀ rẹ̀, kí ó wò ó kí ó tó ká a: ṣé àárín nìkan ni ẹ̀jẹ̀ mu ni, àbí ó ti rin láti etí dé etí, tó sì ti kọjá sí aṣọ? Ẹ kọ aago náà sílẹ̀. Bí páàdì kan bá rin gbingbin láàárín wákàtí kan tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá bá ń jábọ́, pàjáwìrì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ojú ìyá bá ń ṣú, tí òógùn tútù bo ara rẹ̀, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tàbí tí ó dédé ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn lọ, kódà bí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí kò bá pọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú láìhàn síta.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró de ọkọ̀, ẹ tẹ́ ìyá sílẹ̀, kí ẹ fi aṣọ bò ó kí ara rẹ̀ má tutù, kí ó tọ̀ bí ó bá lè tọ̀, nítorí àpò ìtọ̀ tó kún kì í jẹ́ kí ilé ọmọ fún pọ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ wá ilé ọmọ lórí ikùn rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ìdodo tàbí ní ọ̀gangan rẹ̀, kí ẹ máa yí ọwọ́ lé e lórí títí yóò fi le lábẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ gbé gbogbo páàdì náà sínú ọ̀rá, kí ẹ mú un dání kí àwọn dókítà lè rí i. Ẹ má ṣe dúró de àárọ̀.

Òórùn náà máa ń fọhùn. Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbí ní òórùn tirẹ̀ tó jọ ti nǹkan oṣù, ṣùgbọ́n bí ó bá ń rùn bí ohun tó jẹrà, pàápàá tí ara ìyá bá gbóná dé 38°C tàbí tí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ún, àrùn ti wọ ilé ọmọ, oògùn apakòkòrò ló sì nílò lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Orí fífọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ríru

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí ọmọ bá ti jáde, ẹ̀jẹ̀ ríru ti oyún ti lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfúnpá lè ga sókè láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní lẹ́yìn ìbí, ó sì lè ṣẹlẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà, kódà fún ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ dára ní gbogbo ìgbà tó fi lóyún. Bí orí bá ń fọ́ ìyá gan-an, tí oògùn orí fífọ́ kò ràn án, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì tàbí tó ń rí ohun tó ń kọ mànà, tí òkè ikùn ń dùn ún ní apá ọ̀tún, tàbí tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ dédé wú, ẹ má ṣe sọ pé àìsùn ló fà á. Ẹ lọ wọn ìfúnpá rẹ̀. Bí ó bá ti dé 140 lórí 90, kí dókítà rí i lọ́jọ́ náà; bí ó bá dé 160 lórí 110, tàbí bí gìrì bá mú un, pàjáwìrì ni. Bí gìrì bá mú un, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ má ṣe ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ méjèèjì lè wú díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ bí ẹyọ kan bá wú ju èkejì lọ, tó pupa, tó sì ń dùn ún ní igan, ìyẹn ẹ̀yìn ojúgun, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀, ó sì lè gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí mímí bá dédé ṣòro fún un tàbí tí àyà ń dùn ún, àkókò kò sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Fífún ọmọ lọ́yàn

Ìyá tí orí ọmú rẹ̀ ń bó kì í ṣe ọ̀lẹ, ọmọ rẹ̀ kò sì burú. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ ni kò gbá ọmú mú dáadáa. Kí ìyá jókòó kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti nǹkan, kí ó yí gbogbo ara ọmọ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ikùn sí ikùn, kí etí, èjìká àti ìdí ọmọ wà lórí ìlà kan, nítorí ẹni tó yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kì í lè gbé nǹkan mì dáadáa. Kí imú ọmọ kọjú sí orí ọmú, kí ìyá sì fi orí ọmú kan ètè òkè rẹ̀ jẹ́jẹ́, títí ọmọ yóò fi la ẹnu gbàgà. Nígbà náà ni kí ó fa ọmọ mọ́ra, kí ó má ṣe tẹ̀ síwájú láti ti ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá gbá a mú dáadáa, àgbọ̀n rẹ̀ yóò kan ọmú, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò yí síta, àyíká dúdú tó yí orí ọmú ká yóò hàn lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ní wọnú, ẹ ó sì máa gbọ́ bí ó ṣe ń gbé e mì. Bí ó bá ń dun ìyá lẹ́yìn ìgbà tí ọmọ ti mu ún díẹ̀, kí ó ti ìka kékeré bọ igun ẹnu ọmọ láti tú u, kí ó sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbà 8 sí 12 ni ọmọ tuntun máa ń mu ọyàn láàárín wákàtí 24, lóru àti lọ́sàn-án. Kí ìyá má ṣe fi aago há a mọ́. Bí ọmọ bá ń la ẹnu, tó ń yí orí kiri, tó ń fi ọwọ́ sẹ́nu, ebi ti ń pa á, kò sì dìgbà tó bá sunkún. Ọyàn nìkan ni kí ó máa mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, láìsí omi, láìsí àgbo, bí kò ṣe oògùn tí dókítà bá kọ fún un. Omi tó yẹ kí ó mu wà nínú ọyàn náà, kódà nígbà ooru.

"Ṣé ọyàn mi tó?" ni ìbéèrè tí ìyá máa ń béèrè jù. Ìlédìí ló máa dáhùn. Láti ọjọ́ karùn-ún, ọmọ tí ọyàn tó yẹ kí ó tọ̀ ní ó kéré tán ìgbà 6 láàárín wákàtí 24, kí ìtọ̀ rẹ̀ sì mọ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ yóò ti kúrò ní dúdú, yóò ti gba àwọ̀ ewé kọjá, yóò sì ti di ìyeyè rírọ̀. Gbogbo ọmọ ló máa ń fọn díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó ju ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n tí wọ́n bí i lọ, ó sì yẹ kí ó ti gba ìwọ̀n náà padà nígbà tí yóò bá fi pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní bí ọjọ́ kẹta, ọmú lè kún, kí ó le, kí ó sì máa ro ìyá. Kí ó máa fún ọmọ lọ́yàn lemọ́lemọ́, kí ó fún díẹ̀ dànù ṣáájú bí ó bá le débi tí ọmọ kò fi lè gbá a mú, kí ó sì fi aṣọ tútù lé e lẹ́yìn náà. Bí apá kan ọmú bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì gbé ìyá dè, kí ó lọ rí dókítà, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dá ọyàn dúró ní apá náà, nítorí dídá a dúró lè sọ ọ́ di eéwo. Ìyá tí kò lè fún ọmọ lọ́yàn, tàbí tí àìsàn kan wà lára rẹ̀ tó ń kọ ọ́ lóminú, kí ó bá àwọn oníṣègùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbangba; bí wàrà inú agolo bá kàn án, kí ó wọn ọ́n gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, nítorí bíbu omi mọ́ ọn kí ó lè pẹ́ ń fi ebi pa ọmọ láìfura.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìwọ́, ìwẹ̀ àti oorun

Ìwọ́ máa ń já láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i, kí ẹ ká etí ìlédìí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ohunkóhun tí ó wù kí wọ́n ní kí ẹ fi sí i, ẹ má ṣe fi sí i, bí kò bá ṣe oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ chlorhexidine tí òṣìṣẹ́ ìlera fún yín, tó sì ṣàlàyé bí ẹ ó ṣe lò ó. Ojú ìwọ́ ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì máa ń gbà wọlé. Bí awọ ara tó yí i ká bá pọ́n, tó wú, tàbí tí ọyún ń jáde níbẹ̀, ẹ gbé ọmọ lọ.

Ní ti ìwẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́ díẹ̀, ọṣẹ tí kò le, nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti gba kọjá, ó tán. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni dandan.

Ẹ̀yìn ni kí ọmọ máa fi lélẹ̀ bí ó bá ń sùn, kì í ṣe ikùn, kì í sì í ṣe ẹ̀gbẹ́, lórí ibùsùn tó tẹ́jú, tí kò rì, láìsí ìrọ̀rí tàbí aṣọ ìbora tó nípọn tó lè bo imú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yàrá kan náà ni kí òun àti ìyá máa sùn, kí ó sì ní ibi tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá nínú ilé náà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Àmì ewu lára ọmọ

Ìkókó kì í sábà fi ariwo sọ pé ara òun kò yá. Dídákẹ́ ló máa ń dákẹ́. Ọmọ tó ń mu ọyàn dáadáa lánàá, tó wá di pé oorun ni ṣáá lónìí, tí kò sì jí fún ọyàn méjì léraléra, ti ń sọ̀rọ̀ fún yín. Ooru ara rẹ̀ yẹ kí ó wà láàárín 36.5°C sí 37.5°C nígbà tí ẹ bá fi tẹmọ́mítà sí abíyá rẹ̀; bí ó bá ga ju 37.5°C lọ, tàbí tí ó bá lọ sísàlẹ̀ 35.5°C, ilé ìwòsàn yá, nítorí ara títutù lè jẹ́ àmì àrùn fún ọmọ tuntun gẹ́gẹ́ bí ara gbígbóná.

Láti mọ bí ó ṣe ń mí, ẹ dúró kí ó balẹ̀, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, kí ẹ sì máa ka bí ikùn rẹ̀ ṣe ń gòkè fún ìṣẹ́jú kan gbáko, nítorí mímí ìkókó kì í dọ́gba, ìdajì ìṣẹ́jú sì lè tanni jẹ. Bí ó bá dé 60, ẹ tún un kà. Bí ó bá tún dé 60, tàbí bí abẹ́ igbáàyà rẹ̀ ń wọlé bí ó ṣe ń mí, ẹ má dúró mọ́. Gìrì, ètè tó ń di àwọ̀ búlúù, èébì àwọ̀ ewé, àti ọmọ tí kì í mira àfi bí a bá fọwọ́ kàn án, àwọn náà kò ṣeé fi ṣeré.

Ibà pọ́njú, ìyẹn kí ojú àti ara ọmọ ní àwọ̀ ìyeyè, wọ́pọ̀ lára ìkókó, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Lára ọmọ tí awọ rẹ̀ dúdú, ẹ má ṣe wo awọ lásán. Inú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni kí ẹ ti wo funfun ojú rẹ̀, èrìgì rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá hàn láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, tàbí tí ó dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ ọmọ funfun bí ẹfun, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pẹ́, nítorí ibà pọ́njú tó le lè ba ọpọlọ jẹ́. Iná pàtàkì kan wà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Sísá ọmọ sóòrùn kò lè dípò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ara ìyá àti ọkàn rẹ̀

Ojú ọgbẹ́ ìsàlẹ̀ kò fẹ́ ju omi mímọ́ lọ, kí a rọra tẹ̀ ẹ́ gbẹ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo ju ọmọ rẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n kí ó máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ kejì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ó máa jẹun dáadáa, kí ó máa mu omi nígbàkigbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, kí ó sì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fún un tán, kódà bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ń dúdú nítorí rẹ̀. Bí ìtọ̀ bá ń já lójijì nígbà tó bá wúkọ́ tàbí tó bá rẹ́rìn-ín, kí ó máa fún iṣan ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀, bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, kí ó dì í mú díẹ̀, kí ó sì tú u sílẹ̀, léraléra, lójoojúmọ́.

Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ọ̀pọ̀ ìyá máa ń dédé sunkún, inú wọn á sì máa bí sí ohun kékeré. Ìsinmi àti ìrànlọ́wọ́ tó láti fi bá a kọjá, kò sì yẹ kí ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tí ìbànújẹ́ kò kúrò lójú rẹ̀, tí kò rí oorun sùn nígbà tí ọmọ pàápàá ń sùn, tí ọmọ kò wù ú láti gbé, tàbí tó ń sọ pé òun kò wúlò, àìsàn ni, ìtọ́jú sì wà fún un; lára àwọn oògùn rẹ̀ wà tí ìyá lè máa lò kí ó sì máa fún ọmọ lọ́yàn. Ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó mọ́kàn, ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Bí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tó mẹ́nu ba pípa ara rẹ̀ tàbí ọmọ lára, ẹ má ṣe fi òun àti ọmọ sílẹ̀ ní àwọn nìkan fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ọ̀sẹ̀ kẹfà

Ọjọ́ àyẹ̀wò yìí ni àwọn ìyá máa ń fò jù, nítorí ara ti ń yá. Kí wọ́n wọn ìfúnpá ìyá, kí wọ́n wo ojú ọgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n bi í léèrè nípa oorun àti ìrònú rẹ̀, kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ nínú oyún sì ṣe àyẹ̀wò ṣúgà láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọ̀sẹ̀ kẹfà yìí náà ni ọmọ máa ń gba ọ̀wọ́ àjẹsára tó tẹ̀ lé ti ọjọ́ ìbí.

Ìbálòpọ̀ kò ní ọjọ́ kan pàtó; kí ẹ̀jẹ̀ dá, kí ọgbẹ́ jinná, kí ó sì wu ìyá. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí, nítorí ìyá tí kò fún ọmọ lọ́yàn lè lóyún padà bí ọjọ́ 21 bá ti kọjá lẹ́yìn ìbí, ó sì sàn fún ara rẹ̀ kí ó pé oṣù 24 kí ó tó gba oyún mìíràn. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́yàn kò gbọdọ̀ lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ní estrogen (irú họ́mọ̀nù obìnrin kan) nínú láìjẹ́ pé ó bi oníṣègùn, pàápàá kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé. Ọyàn fúnra rẹ̀ lè dáàbò bo ìyá bí nǹkan mẹ́ta bá pé: kí ọmọ má tíì pé oṣù mẹ́fà, kí nǹkan oṣù má tíì padà, kí ó sì jẹ́ ọyàn nìkan ni ọmọ ń mu, lọ́sàn-án àti lóru. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, kí ìyá lọ gba ọ̀nà mìíràn láìjáfara, nítorí ẹyin lè jáde kí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ tó yọjú.